Òfin Ẹnu Ilẹ̀kùn

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun náà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni pé ìyá kankan kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ilẹ̀kùn. Láyé ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Bí ìyá bá wọlé, ọmọ á sunkún. Bó bá jáde, ẹkún á di ìlọ́po. Ṣùgbọ́n bí kò bá wá rárá, ọmọ á ké títí, á sì dákẹ́, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti mọlé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni àwọn òbí lè yọjú wo àwọn ọmọ wọn látẹ̀yìn gíláàsì.

Mátírọ́ọ̀nù ló ń ṣọ́ òfin náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti ilé ìwòsàn mìíràn ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ilé rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì tuntun bá ti gbúròó bàtà rẹ̀, á sáré dìde dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, arúgbó kan gbé ọmọ ọdún méjì wá, ara ọmọ náà gbóná bí iná. Nọ́ọ̀sì tuntun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Ẹ ó rí i lọ́jọ́ Àìkú."

Arúgbó náà wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ìwọ lo wá ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òfin ni, Màmá. Gbogbo èèyàn ló wà fún."

Arúgbó náà pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tuntun dorí kodò. Lójú àgbà, ọmọdé ni gbogbo aláṣẹ.

Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Akígbe. Bí Mátírọ́ọ̀nù bá ń kọjá, ọmọ náà á na ọwọ́ jáde láàárín irin bẹ́ẹ̀dì: "Màámi! Màámi!" Mátírọ́ọ̀nù kì í wẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ funfun ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pè bẹ́ẹ̀. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn pe bàbá tó ń nulẹ̀ ní màámi. Bàbá ní òun ò tíì lóyún rí o!"

Mátírọ́ọ̀nù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì Akígbe kọjú sí ògiri. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan, ẹ ó gbé gbogbo wọn."

Níta, ìyá ọmọ mìíràn ń lu ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ n wọlé jàre! Ẹ̀yin ò rọbí rí lẹ ò ṣe mọ̀ pó ń dunni!"

Mátírọ́ọ̀nù ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ṣi ihò lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì tuntun rò pé inú ló ń bí i.

Nígbà tó yá, ibà lọ, Akígbe náà sì dákẹ́.

"Ara rẹ̀ ti mọlé," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì tuntun fi ṣíbí wàrà sí i lẹ́nu, wàrà náà ṣàn padà sí àgbọ̀n rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ létí rẹ̀. Ọmọ náà kò ṣẹ́jú. Ògiri ló ń wò. Nọ́ọ̀sì tuntun sáré lọ bá dókítà tó ń ṣèwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń rọ̀ mọ́ òbí, ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹkún ọmọdé ló fẹ́ fi gba oyè.

Dókítà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì náà pẹ́. Ó rọra gbé apá ọmọ náà sókè. Nígbà tó fi í sílẹ̀, apá náà já bọ́ bí aṣọ.

"Ta ló ní ara ọmọ yìí mọlé?"

Ó fi aṣọ bo ọmọ náà.

"Nígbà tó ń ké, ó gbà pé ìyá òun ń gbọ́. Ó ti gbà báyìí pé kò ní wá. Bó bá kọjá ibí, ìyá lè dé kí ọmọ má tiẹ̀ dá ojú rẹ̀ mọ̀. Àwọn mìíràn kì í jẹun mọ́. Mo ti rí èyí tó kú. Ẹ wá ìyá rẹ̀ lónìí."

"Òfin ńkọ́, sà?" ni nọ́ọ̀sì àgbà bi í. Gbogbo wọn yíjú sí Mátírọ́ọ̀nù tó dúró lẹ́yìn wọn.

Nọ́ọ̀sì tuntun kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, ó tó. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n lọ pe ìyá rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tó ń gbé?"

Mátírọ́ọ̀nù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri níbi tí ọmọ náà ti lè rí i, ọmọ náà sì ń wò ó bí ẹni tó ṣì ń wo ògiri, nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù sọ fún dókítà pé, "Èmi ni mo bí i, sà, mo rò pé bí mo bá gbé e lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní lójú tí mo máa fi tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ìyá tó kù."