Ọ̀nà Tí Kò Ní Oríta

Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni. Wọ́n ti hú irin rẹ̀, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ ológeere. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí alùpùpù, kò sí oríta. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ẹni tó bá jáde nílé láàárọ̀, wọ́n á ṣì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí di ọ̀sán. Ẹni tó bá sọnù níbẹ̀, ó wù ú láti sọnù ni.

Ìdí nìyẹn tí Dírẹ́bà fi gbà kí wọ́n gba ibẹ̀. Orúkọ tí tilé-toko ń pe ìyá náà nìyẹn, nítorí bọ́ọ̀sì ìgboro ló wà títí ewú fi gba orí rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí irọ́ tí àwọn èrò pa mọ́ ọn, pé ó gbé àwọn lọ síbi tí àwọn ò rán an. Èrò ọkọ̀, ta ni kò mọ̀ wọ́n? Wọ́n á sùn kọjá ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á jí, wọ́n á máa bú dírẹ́bà.

Ó ní torí ọkọ òun ni wọ́n ṣe ń rin ìrìn náà. Télọ̀ ni ọkọ yìí, Dírẹ́bà sì ti sọ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè pé ó ti ń ṣarán. Ní ìparí ọ̀nà náà ni ilé kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iyè wọn ti rá, ibẹ̀ ni Dírẹ́bà sì fẹ́ fi í sílẹ̀ sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ wọn obìnrin ló bá wọn wá ilé náà rí. Ó fẹ́ fi mọ́tò gbé wọn lọ, ó sì sunkún lórí fóònù. Télọ̀ ló ní kẹ̀kẹ́ ni àwọn á gùn, bí àwọn ṣe máa ń ṣe nígbà tí eegun àwọn ṣì le. Dírẹ́bà gbà. Ohun tí kò rí ẹnu sọ fún un ni pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni yóò padà sílé.

Òun ló wà níwájú. Télọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, báàgì kan ṣoṣo ló dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló di ẹrù náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi jókòó ti fèrèsé, tó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú pupa rán nǹkan kéékèèké sára aṣọ. Dírẹ́bà fi í rẹ́rìn-ín títí. Orí ti gbàgbé iṣẹ́, ọwọ́ ò tíì gbọ́.

Agogo kẹ̀kẹ́ ni Télọ̀ wá sọ di ohun ìṣeré. Dírẹ́bà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbádùn atẹ́gùn, á máa wo àwọn màlúù tó ń wò ó, ìgbà náà ló máa gbọ́ ọ lẹ́yìn: kírín-kírín. Á wolẹ̀, á rí i pé táyà òun ti ń wọ koríko, á padà sójú ọ̀dà. Ọkùnrin yìí fẹ́ fi agogo pa òun.

Àwọn ọ̀dọ́ kan sáré kọjá, ṣòkòtò wọn le mọ́ wọn nídìí bí ẹni tó yá a lọ́wọ́ àbúrò. Dírẹ́bà ní kí wọ́n rọra, kó má lọ ya níwájú àgbà. Ó bojú wẹ̀yìn kó lè rí bí Télọ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò wo ṣòkòtò ẹnikẹ́ni, ara Dírẹ́bà ni ojú rẹ̀ wà.

Wọ́n dé ibi bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, Dírẹ́bà ní kí wọ́n dúró jẹun. Télọ̀ ní àwọn ti jẹun níbi afárá. Dírẹ́bà mi orí. Ẹni tí ò mọ̀ bóyá òun ti jẹun, kí ló kù? Ó ní kó mú búrẹ́dì wá. Télọ̀ mú un wá, kò jiyàn. Ìdajì ló kù níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ, Télọ̀ bi í ní orúkọ ọmọ wọn.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Ṣáà sọ ọ́ fún mi."

"Èmi tí mo rọbí rẹ̀? Ẹ lọ bi ará àdúgbò."

Ó tún bi í pé irú ọ̀dà wo ló wà lára ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Dírẹ́bà ní ẹni tó bá ń bèèrè ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, olè ni. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a so okùn bàtà rẹ̀ tó ti tú. Dírẹ́bà jẹ́ kó so ó. Ó dáa kí aláìsàn máa rí nǹkan ṣe. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìpínyà náà níbẹ̀. Ó la ẹnu, ó wá ní kí wọ́n máa lọ.

Ilé náà mọ́ tónítóní, pápá ni gbogbo fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Olùtọ́jú kan wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì mú wọn wọ yàrá kan tí ibùsùn kan àti àga kan wà. Ó bèèrè bóyá orúkọ wà lára gbogbo aṣọ, nítorí ibi ìfọṣọ máa ń da aṣọ oníkálukú pọ̀.

"Mo ti rán gbogbo ẹ̀," ni Télọ̀ wí.

Orí Dírẹ́bà wú. Télọ̀ ti mọ̀, láti ọjọ́ yìí ló ti mọ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Dírẹ́bà jókòó sórí ibùsùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn," ló sọ fún olùtọ́jú náà. "Wọn kì í sùn nínú òkùnkùn. Tí wọ́n bá sì ń bi yín ní nǹkan kan náà ṣáá, ẹ má bínú sí wọn."

Olùtọ́jú wo Télọ̀. Télọ̀ wo ilẹ̀.

Olùtọ́jú náà wá ṣí báàgì, ó ń kó ohun inú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, kaba aláwọ̀ ewé, bùláòsì funfun, síkẹ́ẹ̀tì méjì, àti aṣọ iṣẹ́ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ti ṣá, orúkọ ìyá náà sì wà ní ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òwú pupa ni wọ́n fi rán an.