Alùpùpù Bàbá Naomi

Oyèníran ra alùpùpù olóògbé lọ́wọ́ opó rẹ̀ ní Egan, opó náà ò sì nájà. Họ́ńdà àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn tíṣà ń gùn nígbà tí tíṣà ṣì jẹ́ èèyàn láwùjọ. Ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, eruku bò ó, adìẹ ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ìtẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Oyèníran ti wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù ni ojú rẹ̀ ò ti kúrò lára táǹkì rẹ̀.

Ìyá Naomi, opó náà, so owó mọ́ etí ìró.

"Ìwé rẹ̀ ńkọ́, màmá?"

"Ìwé? Nínú hílàhílo ìsìnkú yẹn? Orí mi gan-an, mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí. Bàbá wòlíì, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà mìíràn. Ẹ má sì gùn ún gba Egan kọjá. Ojú mi ò ní gbà á."

Oyèníran wolẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìdí wà tó fi wolẹ̀. Ní ìjọ aláṣọ funfun tí àwọn méjèèjì ń lọ ní Igando, ìran ti jáde lọ́jọ́ Ẹtì kan pé irin kan wà nílé Ìyá Naomi tí kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sinmi nínú ibojì, pé kí irin náà tètè kúrò níbẹ̀. Oyèníran ló ríran. Ó gbọ̀n, ó ṣubú, ó yí gbirigbiri, wọ́n ń lu agogo lé e lórí. Àwọn ìyá ìjọ ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀mí ti gbé èèyàn báyẹn. Ẹ̀mí kankan ò gbé e. Họ́ńdà ló gbé e.

Ta ló sì fẹ́ ra irin tí ìran ti bá wí, bí kì í bá ṣe wòlíì tó lè fi àdúrà wẹ̀ ẹ́?

Ọláṣùmbọ̀, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù náà dé.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ṣé irin tí ẹ̀mí ní kó kúrò nílé onílé nìyí?"

"Òun ni."

"Ẹ̀mí ọ̀hún ò wá sọ ilé tó máa wọ̀, àbí?"

Oyèníran wọlé lọ.

Abdulganiyy, mẹkáníìkì kan ní Ìdímù, ló bá a jí alùpùpù náà dìde. Bí iléèwé tó ti ń ṣe tíṣà bá ti jáde, Oyèníran á gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n tú kabúrétọ̀, agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ṣéènì àti púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ha gbogbo ibi tó dógùn-ún, wọ́n sì kun táǹkì pupa ní dúdú.

"Tíṣà, ẹni tó kú yìí mà ṣèèyàn o," Abdulganiyy wí, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ wo inú ẹ́ńjìnnì yìí. Kò gùn ún rárá. Ó kàn tọ́jú ẹ̀ pamọ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹyin sọ́wọ́ èèyàn."

"Alfa, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ jàre."

"Kí ló dé? Ṣé mo bú u ni?"

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ohùn rẹ̀, Oyèníran ti ìsìn bọ̀, sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá kíìkì. Kíìkì gbá a padà.

"Ẹ wọ bàtà, Tíṣà!"

"Sùtánà wà lọ́rùn mi. A kì í wọ bàtà sí i."

"Ọlọ́run yín gba máṣíìnì, kò gba bàtà?"

Ó tún gbá a. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọ̀ngbọ̀n bí ọkàn ẹni tó sáré. Oyèníran rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó rántí Ìyá Naomi. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti rójú wo pẹpẹ. Bó bá la ẹnu láti ríran, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń gbọ́. Ìfòróróyàn sì ti dé tán. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di àgbà wòlíì. Bó bá jẹ́wọ́, wọ́n á bọ́ sùtánà lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Bó bá sì dákẹ́, orí tó fi purọ́ rẹ́ opó jẹ ni wọ́n máa da òróró sí. Kó tó di ọjọ́ ìsìn náà, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Naomi ni.

"Bàbá wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé máṣíìnì yẹn wá. Kí n ṣáà fojú kàn án."

"Màmá, ẹ ní ojú yín ò ní gbà á."

"Ó ti gbà á báyìí, sà."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Oyèníran rò pé ọ̀fọ̀ ló fà á. Ó pinnu lójú ẹsẹ̀ pé òun á fi alùpùpù náà sílẹ̀ fún un, òun ò ní béèrè kọ́bọ̀. Ó gùn ún la àárín Egan kọjá, àwọn èèyàn ń yíjú wò ó, kò sì wo ẹnì kankan.

Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Naomi, báàgì ìrìn-àjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oyèníran rò pé mọ̀lẹ́bí olóògbé ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ẹbí náà gbọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì kúnlẹ̀ sínú yanrìn.

"Màmá, ẹ gba máṣíìnì yín. Ọ̀nà tí mo fi mú un kúrò nílé yìí ò mọ́. Ojúkòkòrò ló ṣe mí. Ẹ̀yin náà, sà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Àyà rẹ̀ fúyẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ríran.

Ìyá Naomi yíjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Henry, ẹ ti fetí ara yín gbọ́ ọ: máṣíìnì tí ẹ fi sí ìkáwọ́ ọkọ mi kí ẹ tó lọ sí Kùtọnu nìyí, olè tí mo sọ fún yín pé ó gbé e lọ ló kúnlẹ̀ yẹn."