Pẹpẹ tí Òkété fi dí ẹ̀yìnkùlé

Àlọ́ mi kò lọ jìnnà, inú ihò Òkété opó, oníṣòwò ẹ̀kùrọ́, ló wọ̀.

Asín aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn ọdẹ ti ń fẹ́ èéfín sínú ihò kiri.

“Gbèsè ẹ̀kùrọ́ tí o jẹ mí ńkọ́?” ni Òkété fi dá a lóhùn.

Ilé ló ń tún ṣe. Ó ní ihò ẹ̀yìnkùlé kàn ń gba àyè lásán, ló bá fi amọ̀ dí i pa, ó mọ pẹpẹ síbẹ̀, ó to ẹ̀kùrọ́ lé e, ó ń yin ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí èéfín fi gba ojú ọ̀nà wọlé. Òkété sáré sẹ́yìn, ó forí sọ pẹpẹ.

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi náà nìyí,” ló wí. “Ó tiẹ̀ dán.”

Ló bá forin sí i:

Asín o, wá gbẹ́lẹ̀ fún mi,
*Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ.*
Pẹpẹ mi dára, kò jẹ́ n jáde,
*Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ.*

Asín ń gbẹ́ ẹ lóde. “Ìyá ẹlẹ́kùrọ́, gbèsè yín ńkọ́?”

“Máa gbẹ́ ẹ ná, aláìnítìjú.”

Ògiri wó. Òkété yọ jáde tòun ti amọ̀ nímú, ó wúkọ́ títí, ó ní: “Asín, o ti san án.”