Búrọ́ọ̀ṣì tó Ń Sùn Nínú Omi Gbígbóná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìtàn yìí dúró láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju etí rẹ̀ lọ.

1.
Oníkọfí kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Gbiná, torí kò pẹ́ rárá tó fi ń gbaná jẹ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, síbẹ̀ èrò kì í wọ́n níbẹ̀. Kì í ṣe torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń da wàrà sójú kọfí, òdòdó á sì yọ. Àwọn èèyàn á wò ó títí kí wọ́n tó mu ún.

Búrọ́ọ̀ṣì ni wàhálà wọn. Ìdọ̀tí dúdú a máa lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kọfí bí ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi ń ha á. Èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kò ní lo ọ̀sẹ̀ méjì tí irun rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í re. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan yọ irun láàárín eyín.

"Ọ̀gá, kọfí ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi o. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ewúrẹ́ sí i."

Gbiná bá a rẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde, ó fọ́ àbúrò rẹ̀ létí.

"Ọwọ́ ẹ ló le jù. O ń ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọwọ́ kọ́. Omi gbígbóná tí ẹ máa ń fi í sí..."

"Pa ẹnu ẹ dé."

Gbiná fúnra rẹ̀ ló máa ń da omi gbígbóná àti ọṣẹ sínú abọ́ tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́, tó máa ju búrọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ní bí ìmọ́tótó ṣe rí nìyẹn.

2.
Ó wá búrọ́ọ̀ṣì tó lágbára kiri títí ó fi kan bàbá arúgbó kan tó ń fọwọ́ ṣe é. Igi tó ki ni bàbá fi ṣe ọwọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ sì dúró gan-an.

"Á pẹ́ lọ́wọ́ ẹ," ni bàbá wí. "Àmọ́ gbọ́ o, tó o bá ti lò ó tán..."

Gbiná ti kẹ́yìn sí i.

Nígbà tó délé, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀. "Tí irun kan bá re lára èyí, ọwọ́ yẹn ni màá kán."

"Ẹ jẹ́ ká máa fi kọ́ ìṣó, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ìyá ẹ ni kó o lọ fi kọ́ ìṣó."

"Ìyá àwa méjèèjì nìyẹn o."

Gbiná kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sì palẹ̀ mọ́, búrọ́ọ̀ṣì tuntun tún lọ sùn nínú omi gbígbóná.

3.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu. Obìnrin kan yọ irun mẹ́ta nínú kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èèyàn rí i.

Gbiná fa ṣíbí irin ńlá tí wọ́n ń rọ kọfí lílọ̀ sí yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó wúwo bí òòlù. Àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú, irin sì bá a lọ́rùn ọwọ́. Egungun kán bí igi gbígbẹ. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ń ṣubú lọ, ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta nílẹ̀, kí àwọn oníbàárà tó rọ́ bo Gbiná. Ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ mọ́ wàrà nílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò rẹ̀ ń sọ, "ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni o."

4.
Nígbà tí wọ́n ń gbé àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, Gbiná já ara rẹ̀ gbà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ fún bàbá arúgbó lọ́rùn aṣọ.

"Ayédèrú lo tà fún mi."

Bàbá kò jà. Ó gbóòórùn búrọ́ọ̀ṣì náà. "Ibo ló ń sùn?"

"Nínú omi gbígbóná àti ọṣẹ."

Bàbá fi ìka méjì fa irun rẹ̀, ìdì kan tú jáde lódidi, ìdí rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. "Gọ́ọ̀mù ló di irun yìí mú. Ìwọ lò ń sè é. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́sí nìyẹn: tó o bá lò ó tán, ṣàn án, gbọ̀n ọ́n, fi kọ́ ìṣó. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ rí ni?"

Ọwọ́ Gbiná bọ́ lọ́rùn aṣọ bàbá.

5.
Egungun náà jinná, àmọ́ ó wọ́. Ìka àbúrò rẹ̀ kò ká mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn, àwọn oníbàárà sì wábòmíì gbà.

Gbiná ra búrọ́ọ̀ṣì mìíràn lọ́wọ́ bàbá, ó fi kọ́ ìṣó, lẹ́yìn náà ló lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe fún un.

"Ẹ dìde, Bọ̀ọ̀dá mi. Èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ ìṣó ńkọ́, ó ti re?"

"Kò re."

"Ẹ ṣeun." Ó fẹ́ fọwọ́ ọ̀tún gbé omi fún un, kọ́ọ̀pù bọ́, ó fọ́.

Ọdún mẹ́ta rèé. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà lórí ìṣó, irun kan ò re lára rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í dọ̀tí mọ́, torí kò sẹ́ni tó ń mu kọfí níbẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún ọ. Ẹni tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Má nawọ́ sí i kó tó parí rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó re, wàá rí òmíràn rà. Ọwọ́ àbúrò rẹ, kò sẹ́ni tó ń tà á.