Ọkùnrin Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Orí rédíò ni ẹnìkan ti gba orin kan sílẹ̀ ní ìlú Macon, tó wá fún Odell Pruitt ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Alabama. Ìlù líle ni, ohùn híha, àti gìtá tó fi odindi ìṣẹ́jú mẹ́fà ké láìsí pé ẹnikẹ́ni kọrin sí i. Odell gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ó ra gìtá àlòkù. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó sí iwájú ilé, á tẹ kásẹ́ẹ̀tì, á dá a dúró, á dá a padà sẹ́yìn. Bí ó bá mú ohùn òkè gìtá náà, ti ìsàlẹ̀ á bọ́. Bí ó bá di ti ìsàlẹ̀ mú, ti òkè á sá lọ. Ìka rẹ̀ bó, ó ṣẹ̀jẹ̀, ó yi. Ẹ̀rù ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì náà wá ń bà á. Irú ọwọ́ wo ni Ọlọ́run fún ẹni yẹn?

“Orin kan ṣoṣo láti èṣí!” Clete, bàbá rẹ̀, pariwo láti inú ilé. “Ṣé wọ́n fi dè ẹ́ ni?” Ikọ́ gbé e. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fa eruku òwú símú nílé iṣẹ́ ìrànwú. “Ọjọ́ Ajé ni o. Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ìdí ẹ̀rọ tèmi ni wọ́n máa fi ẹ́ sí.”

Ikọ́ yẹn ni Odell ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, rédíò kéde pé ẹgbẹ́ Rusk Gandy, àwọn tó ni orin náà gan-an, ń wá onígìtá ní Macon, nítorí onígìtá wọn ti kú. Ilẹ̀ Sátidé kò tíì mọ́ tán tí Odell fi wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ó sì di gìtá rẹ̀ mú títí bọ́ọ̀sì fi dé Macon.

Gandy sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ó gbé gìtá kọ́rùn. “Bẹ̀rẹ̀, arákùnrin. Màá fi gìtá tèmi bá ẹ lójú ọ̀nà.”

Odell di ojú, ó sì lù ú. Òógùn bọ́ sí i lójú, kò nù ún. Láàárín orin, ó yọjú wò. Gandy gbé ọwọ́ sókè lórí okùn gìtá rẹ̀, kò fi kàn án. Onílù ẹgbẹ́ náà ti dáwọ́ dúró. Síbẹ̀ Odell lù ú parí.

Gandy bọ́ gìtá lọ́rùn, ó tì í bọ inú àpótí.

Ó ti tán, Odell wí nínú ara rẹ̀. Ọjọ́ Ajé.

“Ta ló kọ́ ẹ?” ni Gandy bi í.

“Kásẹ́ẹ̀tì ni, sà.” “Mo mọ̀ pé kò dùn tó ti ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un lù.”

“Ọkùnrin wo?” ni Gandy wí. “Gìtá méjì ni, èmi àti àbúrò mi tó kú la jọ lù ú, nígbà tó o ti wá lu méjèèjì, kí lo fẹ́ kí n máa lù?”