Ewé Tó Jẹun Yó

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo fi ẹ̀mí mi búra. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì rìn dé ibi tí ojú ti ń rí nǹkan.

Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan ní ìyàwó tó ń gbin ewé ọ̀ṣọ́ sínú ìkòkò tà lẹ́yìn ilé. Ìlú kejì ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó háyà yàrá kan síbẹ̀, oṣooṣù ló sì ń wálé. Bó bá ti dé, ìyàwó á kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ kó tó kí i káàbọ̀.

"Ta ló ń bá yín gbé níbẹ̀, Bàbá Ìbejì?"

"Èmi àti ẹ̀fọn ni. Mo ti fi pákó kan fèrèsé pa nítorí olè. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó wọlé. Kọ́kọ́rọ́ rèé, àpò mi ló ń gbé. Òjòwú ò lẹ́ran láyà o! Wo bó o ṣe gbẹ bí igi ìdáná."

Lọ́jọ́ tí ọkọ ń padà, ìyàwó gbé ìkòkò ewé kan lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e sí yàrá yín. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí i, kẹ́ ẹ máa rántí mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń jẹ?"

"Omi ni. Ẹ ṣáà máa bomi rin ín."

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá arúgbó kan wá ra ewé, ó ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lòun fẹ́ gbé e sí. Ìyàwó awakọ̀ gba ìkòkò padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ fẹ́ pa á ni? Fúnra ewé ló ń se oúnjẹ tó ń jẹ. Omi àti afẹ́fẹ́ ni èlò, oòrùn ni iná. Bí ò bá rí oòrùn, iná ti kú nídìí ààrò nìyẹn: á pọ́n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á wá wọ́ dànù."

"Àṣé ewé náà ń dáná!" ni màmá wí. "Ó mà sàn ju ìyàwó ọmọ mi lọ."

Nígbà tí awakọ̀ tún wálé, ìyàwó ò gbóòórùn ẹ̀wù mọ́. Ewé nìkan ló béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí oògùn owú.

Nígbà tó yá, ó gbé ìkòkò náà wálé kó lè fi yangàn. Ewé náà ń dán, ó tutù yọ̀yọ̀, ọ̀mùnú tuntun ti bo ẹnu ìkòkò.

"Wò ó! Ta ló mọ ewé tọ́jú jù mí lọ?"

"Ó mà yó o," ni ìyàwó wí. "Ẹ ò gbé e síta rí?"

"Síta kẹ̀? Kí wọ́n jí i? Látọjọ́ tó ti wọ yàrá yẹn, kò tíì jáde, àfi lónìí. Èmi nìkan náà ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ìyàwó rọra fọwọ́ pa ewé náà lára. Ó bu oúnjẹ fún ọkọ, ó jókòó tì í títí ó fi jẹun tán, ó palẹ̀ àwo mọ́.

"Ẹ bá mi kí i."

"Kí n kí ta ni?"

"Ẹni tó ń gbé e sóòrùn tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ bá mi kí i."