Sáílẹ́ńsà Màámi

"Màmá, ọkọ̀ kékeré yìí ti darúgbó. Ẹ tà á," mẹkáníìkì ń wí.

"Èmi náà ti darúgbó. Ṣé kí wọ́n ta èmi náà ni?"

Rádíétọ̀ ń jò, bíréèkì ti jẹ tán. Màámi ní kó tún méjèèjì ṣe.

"Sáílẹ́ńsà ńkọ́? Ariwo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí àdúgbò létí."

"Kí wọ́n fi òwú sétí! Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

A ń sún mọ́lé, ọkọ̀ ń bú ramúramù. Àwọn aládùúgbò ń pòṣé. Màámi tún tẹná sí i.

Láàárọ̀ yìí, Bàámi wò mí títí, kò dá mi mọ̀, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Kò tíì rí wa báyìí, ó ti ń pariwo láti inú yàrá:

"Ìyàwó mi ti dé!"